Bí a ṣe ń ya fọ́tò ọkọ̀ ojú omi tó ti rì

Èkìtì kò ní òkun, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí ọmọ Èkìtì má kọ́ṣẹ́ yìí. Púùlù Ìkógòsì ni mo ti ń kọ́ àwọn àbúrò mi bí wọ́n ṣe lè dúró sójú kan nínú omi láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Ẹni tó bá ń ta ẹsẹ̀ nù létí ọkọ̀ tó rì á ru ẹrẹ̀ sókè, kámẹ́rà ò sì ní rí nǹkan kan mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ló le jù. Àwọ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń pòórá bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, irin tó dípẹtà á wá rí bíi búlúù. Ẹ gbé iná dání, àmọ́ ẹ má so ó mọ́ orí kámẹ́rà gan-an, torí gbogbo ìdọ̀tí tó léfòó níwájú yín ni yóò tàn yanranyanran nínú fọ́tò. Ẹ nà án sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà dáadáa.

Ẹ má dá wọ omi. Ẹ má sì ṣe sé èémí nígbà tí ẹ bá ń gòkè bọ̀: afẹ́fẹ́ á máa fẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè ya á.

Ní ti kíkọ ìtàn tó máa bá fọ́tò náà lọ, ẹ wádìí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé ní etíkun wa ní 2013, Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ló yè. Àwọn òmùwẹ̀ tó wá gbé òkú ló bá a láàyè níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kù sí. Ẹ kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ibojì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí.

Ẹ má mú nǹkan kan wálé, ì báà ṣe àwo lásán. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn UNESCO ti 2001, tó dáàbò bo ọkọ̀ tó bá ti lo 100 ọdún lábẹ́ omi.