Rọ́bà fákúùmù Peugeot 504: bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Tí Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) kò bá mú sìlóò, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì máa rọra ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dé sí, ìdè kábúrétọ̀ ni ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí ní Kaduna, wọn kò tò ó mọ́, ọ̀pọ̀ èyí tó ṣẹ́kù ló sì ti gbó kí rọ́bà fákúùmù rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́, tó rí ààrọ̀. Ooru àti ọ́ìlì á mú kó le gbagidi, á sì sán wẹ́wẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ gba inú kábúrétọ̀ bí ọmọdé ṣe ń fi súróò fa mínírà. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ojú rọ́bà tó ya wọlé kò dé ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀ rárá, kò bá epo pàdé. Afẹ́fẹ́ á pọ̀ jù, epo á kéré, sìlóò á máa lọ sókè sódò. Ẹni tó bá ń yí ìdè kábúrétọ̀ nígbà yẹn, ìyà ló ń fi jẹ ara rẹ̀.

Rọ́bà mẹ́ta ni kí ẹ wò: tín-ín-rín tó ti ara kábúrétọ̀ lọ sí agolo fákúùmù ẹ̀gbẹ́ dísíríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì), ńlá tó ti máńfólù (páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti epo wọ ẹ́ńjìnnì) lọ sí bọ́sítà bíréèkì (agolo ńlá tó ń mú kí bíréèkì rọrùn láti tẹ̀), àti èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí sínú ilé fílítà. Ẹ tẹ̀ wọ́n po láàárín ìka. Tí ojú ibi tó tẹ̀ bá là bí ẹsẹ̀ tó sán, ó ti parí.

Kí ẹ tó lọ sí Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, ẹ mọ ìwọ̀n. Ẹ má wọn ẹnu rọ́bà àtijọ́, torí ó ti fẹ̀. Ẹ gé e láàárín, kí ẹ ki ìdí bíìtì dírílì bọ̀ ọ́. Èyí tó bá wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́ ni ìwọ̀n. Ẹ ra gígùn tó fi 5 cm ju ti àtijọ́ lọ. Ti bọ́sítà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní okùn nínú ara, tí wọ́n dìídì ṣe fún bíréèkì. Rọ́bà funfun tí bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò wúlò níbí: tó bá ti gbóná, á rọ̀, fákúùmù á sì fa á pọ̀ títí ihò rẹ̀ á fi dí. Ti èémí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọ́ìlì kì í bàjẹ́. Sílíkóònì kò bá ọ́ìlì àti pẹtiróòlù rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí rọ́bà bá ti lẹ̀, ẹ má fà á, torí páìpù kékeré tó wà lára kábúrétọ̀ lè bá a jáde. Ẹ fi abẹ là á ní òró, díẹ̀díẹ̀, kí abẹ má ha irin. Ojú ibi tó bá ha, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á máa gbà. Abẹ náà ni kí ẹ fi gé tuntun, kí ẹnu rẹ̀ dúró gún. Ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, á wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ má fi gíríìsì sí i.

Ti bọ́sítà, ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀: ẹ́ńjìnnì ń mì, bọ́sítà kò mì. Ẹ fi kílíìpù sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ó sì jìnnà sí èésọ́ọ̀sì. Fáàfù ọ̀nà kan wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ fẹnu fẹ́ ẹ: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìhà bọ́sítà lọ sí ìhà ẹ́ńjìnnì nìkan. Tó bá ń gba méjèèjì, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ ṣí ìdérí dísíríbútọ̀, kí ẹ fẹnu fa rọ́bà tuntun tó lọ sí agolo rẹ̀, kí ẹ fi ahọ́n dí i. Àwo inú dísíríbútọ̀ á yí díẹ̀, á sì dúró. Tó bá padà, awọ inú agolo ti ya, rọ́bà tuntun kò ní wo ìyẹn sàn.

Ẹ tan ọkọ̀. Ẹ mú rọ́bà bí 60 cm, ẹ fi ẹnu kan sí etí, kí ẹ máa fi èkejì tọ gbogbo ibi tí rọ́bà ti so. Ibi tó bá ń jò á máa súfèé fún yín. Ọ̀nà yìí dára ju kí a máa fọ́n pẹtiróòlù sára ẹ́ńjìnnì tó gbóná lọ. Sìlóò lè ga ju ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà yìí ni ẹ tó lè yí ìdè kábúrétọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wo táímìn (àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ṣẹ́), ẹ yọ rọ́bà dísíríbútọ̀, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó jáde, ẹ pa á, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀marùn-ún títí pẹ́dálì á fi le. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ tan án: pẹ́dálì gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ pa á padà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì gbọ́dọ̀ rọ̀. Tó bá le, ẹ padà sídìí fáàfù àti kílíìpù.