Kí Ẹ Tó Fi Ọmọ Sí Dietetics: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Dá Àwọn Ọmọ Wa Dúró ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń gbé Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Gwagwalada ló ti gbọ́ pé dietitian, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ Dietetics, ń ríṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò tó Medicine lè gba ibẹ̀ wọ iṣẹ́ ìlera. Bí wọ́n ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù JAMB. Wọn kì í béèrè ohun tí dietitian ń ṣe láti àárọ̀ títí dalẹ́. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ń rí, èyí ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn yòókù.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni dietitian. Òun ni dókítà ń ránṣẹ́ pè sí wọ́ọ̀dù nígbà tí alátọ̀gbẹ kò bá mọ ohun tí yóò jẹ mọ́, tàbí nígbà tí kíndìnrín ẹnì kan bá ti rẹ̀yìn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tó ti ń ṣe é lóore bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lára. Bí aláìsàn kò bá lè gbé oúnjẹ mì, tó jẹ́ pé rọ́bà tí wọ́n tì bọ imú rẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà dé inú, dietitian ni yóò ṣírò iye tó gbọ́dọ̀ wọlé lójúmọ́. Bí ìṣirò yẹn bá yẹ̀, ara aláìsàn ni yóò ti hàn. Ọmọ tó bá kórìíra Kẹ́mísírì, tí kò sì fẹ́ rí aláìsàn sójú, kò ní gbádùn iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó mọ ọbẹ̀ sè tó.

Nítorí náà, ibi tí ọmọ yóò ti ṣiṣẹ́ ni kí ìbéèrè yín ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wá padà síbi fọ́ọ̀mù.

Orúkọ kọ́ọ̀sì jọra, ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ yàtọ̀

Food Science and Technology, Home Economics, Human Nutrition, Biochemistry, Nutrition and Dietetics: ní kafé tí wọ́n ti ń bá ọmọ kún fọ́ọ̀mù, ọ̀kan náà ni wọ́n ń ka gbogbo wọn sí. “Ṣebí oúnjẹ náà ni?” Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ jáde ni Food Science ń múni lọ: bí a ṣe ń tọ́jú èso kó má bàjẹ́, bí a ṣe ń yẹ oúnjẹ wò kó tó dé ọjà. Home Economics ń wo ilé àti ẹbí, aṣọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ka Human Nutrition nìkan lè ṣe dáadáa láàárín ìlú àti nínú ètò ìjọba lórí oúnjẹ aṣaralóore, ṣùgbọ́n ó lè má kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ohun tó burú ni kí ọmọ lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọ̀kan, kó wá máa béèrè ní ìparí pé kí ló dé tí ilé ìwòsàn kò gba òun ní dietitian.

Kọ́ọ̀sì náà wà lórúkọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní FUNAAB l'Abẹ́òkúta, àti ní UNN ní Nsukka. Òbí tó wà l'Àbújá máa ń bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn, wọn á ní ọmọ kò ní lọ, wọn á wá yan ohun tó bá sún mọ́lé. Ẹ̀rù ọ̀nà yé mi. Àmọ́ ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ gba kọ́ọ̀sì tí ẹ kò mọ ìparí rẹ̀.

Ibikíbi tí ẹ bá fojú sí, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà gan-an, torí pé yunifásítì lè dára kí kọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀ má tíì gba ìfọwọ́sí. Maitama níbí ni olú ilé iṣẹ́ NUC wà, orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì sì wà lórí ìkànnì wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ náà fúnra yín, kí ẹ bi wọ́n pé: ilé ìwòsàn wo ni àwọn ọmọ ń lọ kọ́ṣẹ́? Àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, ibo ni wọ́n ti ń ṣe internship, ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀yìn oyè? Bí wọ́n bá ń yí ìbéèrè yìí po tí wọn kò dárúkọ ilé ìwòsàn kankan, ìdáhùn yín nìyẹn.

Ní ẹnu ọ̀nà JAMB

Ìwé WAEC tàbí NECO tó ní kirẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì lọ: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Kẹ́mísírì, Bàọ́lọ́jì, Físíìsì. Físíìsì yìí ló ń dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà, nítorí wọ́n rò pé oúnjẹ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ti UTME, ìdánwò tí JAMB ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì sì pọn dandan nínú rẹ̀. Kí ọmọ tó yan mẹ́ta yòókù, kó wo IBASS, ìwé àlàyé tí JAMB gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ohun tí yunifásítì kan gbà, òmíràn lè kọ̀ ọ́. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ fún ọmọ kafé.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ náà tún wà. Ìlànà ìgbaniwọlé àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń fi ìdá 45 nínú 100 fún máàkì lásán, ìdá 35 fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Nyanya, tó kàwé ní Nyanya, bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni lójú JAMB. Yunifásítì tó wà nítòsí ilé yín lè kà á sí àlejò, nígbà tí ti Ìbàdàn tí ẹ sá fún kà á sí ọmọ ilé. Kwara àti Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìdá 20 yẹn kàn, nítorí náà ẹ̀yin ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kàbà, ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Láti 2017 ni ìgbaniwọlé ti ń gba orí CAPS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì JAMB, kọjá. Ẹni tó bá ní òun yóò bá yín “ṣe é lábẹ́lẹ̀”, tí orúkọ ọmọ kò jáde lórí CAPS, owó yín ló fẹ́ jẹ, wàhálà rẹ̀ yóò sì dúró de ọmọ náà dé ọjọ́ tó fẹ́ lọ sìnrú ìlú. Ọmọ gbọ́dọ̀ gbé èsì WAEC rẹ̀ sórí ìkànnì JAMB, kó sì máa wo CAPS déédéé. Bí wọ́n bá gbé kọ́ọ̀sì mìíràn fún un níbẹ̀, kó má ṣe sáré tẹ “accept” nítorí pé inú ilé ń dùn. Kí ẹ jọ jókòó kà á ná.

Ẹ yẹ orúkọ wò pẹ̀lú. Orúkọ tó wà lórí NIN, lórí WAEC àti lórí JAMB gbọ́dọ̀ bára mu, ọjọ́ ìbí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Àwa Yorùbá ń sọ ọmọ lórúkọ púpọ̀: Bọ́láńlé níbí, Aishat lọ́hùn-ún, orúkọ bàbá àgbà níbòmíràn. Ìsinsìnyí ni kí ẹ tún un ṣe.

Nígbà tí ọmọ bá ti wọlé

Ọdún kìíní àti ìkejì ni àwọn ọmọ ń sọ pé “a kò tíì bẹ̀rẹ̀”. Biochemistry àti Physiology ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, àwọn tó sì fojú di wọ́n ń gbé carryover, iṣẹ́ tí wọ́n fìdí rẹmi nínú rẹ̀, dé ọdún tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ, kò sí bí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ yóò ṣe yé yín bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ tí insulin ń ṣe nínú ara. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, ti sítáàṣì tàbí purotéènì ń fún un ní 4: orí ìmọ̀ kékeré bí èyí ni gbogbo ìṣirò wọ́ọ̀dù dúró lé.

Ní ti SIWES, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níta, ẹ má gba ibi tí wọn yóò kàn máa bá yín fọwọ́ sí logbook, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín. Mo mọ àwọn tó lo gbogbo oṣù yẹn ní ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n wọn ní Wuse, tí wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì. Nígbà tí wọ́n dé iwájú aláìsàn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń jẹ. Wọ́n mọ àmàlà, wọ́n mọ ewédú, wọ́n sì kọ́ ohun tó wà nínú ìwé òyìnbó. Obìnrin tó ti Bauchi wá sí Gwagwalada kò jẹ ìkankan nínú wọn. Tuwo masara (òkèlè àgbàdo) àti miyan kuka (ọbẹ̀ ewé oṣè) ló jẹ lálẹ́ àná, ó mu fura da nono (ọkà tí wọ́n pò mọ́ wàrà) lọ́sàn-án, ó jẹ masa (àkàrà ìrẹsì) láàárọ̀. Ẹni tí kò mọ iye ọkà tó ń wọ fura, tí kò mọ bí mudu, òṣùwọ̀n ọkà lọ́jà, ṣe tóbi tó, kò lè ṣírò oúnjẹ obìnrin yẹn. Yóò kàn fún un ní ìwé tí wọ́n tẹ búrẹ́dì alálíkámà àti oatmeal sí, obìnrin náà yóò sì mú un lọ́wọ́ relé.

Ẹ kọ́ Hausa. Kò pọn dandan kí ẹ máa sọ ọ́ bí ọmọ Kano, kí ẹ ṣáà lè bi obìnrin pé “Me kika ci jiya?” (Kí lo jẹ lánàá?) kí ẹ sì gbọ́ èsì rẹ̀ láìsí ògbufọ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ògbufọ̀ kì í túmọ̀. Ìyá ọlọ́mọ tuntun lè máa mu kunun kanwa, ògì tí wọ́n fi kanwa sè, lójoojúmọ́ kí wàrà lè yọ, kanwa náà sì ni káún tí a mọ̀, tí sódíọ́ọ̀mù kún inú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn bá ń ru, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò le, ó yẹ kí dietitian béèrè nípa rẹ̀. Kò sì ní béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà.

Ti ààwẹ̀ Ramadan náà nìyẹn. Alátọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tó sì pinnu láti gbààwẹ̀, ẹ má kàn sọ fún un pé kó má gbà á. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ nìkan, kò ní padà wá bá yín, yóò sì gbà á láìsí ìtọ́sọ́nà. Kí oṣù tó lé ni kí ẹ̀yin àti dókítà rẹ̀ ti jókòó: irú oúnjẹ tí yóò jẹ ní sààrì tí yóò pẹ́ nínú rẹ̀, ohun tí yóò fi ṣínu, àti àmì tó bá rí tó fi gbọ́dọ̀ já ààwẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ebi ti sọ di egungun. Ọmọ oṣù 6 sí 59 tí yíyíká apá rẹ̀ lókè kò tó sẹ̀ntímítà 11.5, ewu ńlá ló wà. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi okùn òṣùwọ̀n yẹn wọn apá dáadáa nígbà tí ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ìyá bá gbé ọmọ dé iwájú yín.

Lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá

Oyè nìkan kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di dietitian ilé ìwòsàn. Internship ọdún kan wà níwájú, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ tó jáde, nípa èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú láàárín internship àti NYSC. Ẹ ka ọjọ́ orí mọ́ ọn pẹ̀lú: ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó gboyè kò ní sìnrú ìlú, ìwé ìdásílẹ̀ ni yóò gbà. Àwọn tí ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2022 mọ bí ọdún ṣe ń sáré.

Bí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá yín bá kan aláìsàn, ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé ìwòsàn kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan. Ó máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ẹ sì má kọ lẹ́tà internship sí ibì kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn ńlá Gwagwalada wà, National Hospital wà, FMC Jabi wà, ilé ìwòsàn Shika ní Zaria àti Aminu Kano ní Kano náà wà. Ẹ fúnra yín gbé lẹ́tà lọ sí ẹ̀ka dietetics wọn, kí ẹ mú ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí, ìwé ìgbaniwọlé JAMB àti logbook SIWES dání, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹni tí yóò sọ fún yín nígbà tí àyè bá ṣí.