Èròńgbà ẹ̀kọ́ kan, ìlà kan

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi l'Ábẹ́òkúta, ẹ yé to èròńgbà ẹ̀kọ́ sínú Word bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Inú Excel tàbí Google Sheets ni kí ẹ kó o sí, èròńgbà kan, ìlà kan. Ẹ ya òpó sọ́tọ̀ fún kíláàsì, táàmù, ọ̀sẹ̀, èròńgbà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, àti nọ́ńbà ìbéèrè tó dán an wò. Nínú Excel, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti L pọ̀ kí fílítà yọ, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń ṣa ìlà tí ẹ fẹ́ rí nìkan síta. Ẹ yan JS 2 (kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré), táàmù kejì, kí ẹ sì yan òfo ní òpó ìbéèrè: gbogbo ohun tí a kọ́ ọmọ tí a ò bi í léèrè á tò síta lójú ẹsẹ̀. Bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 4 bá sún sí 6, nọ́ńbà nìkan lẹ ó yí padà. Òpó ọ̀rọ̀-ìṣe ló dùn mọ́ mi jù. Bí “dárúkọ” bá kún un láti òkè dé ilẹ̀, àkọ́sórí là ń kọ́ wọn. “Dárúkọ oríṣi àdìrẹ méjì” kò tó (ọmọ Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa, ti mọ ìyẹn kó tó wọ iléèwé). “Ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín ẹlẹ́kọ àti oníko” (èyí tí a fi ẹ̀kọ ya àti èyí tí a fi ìko dì) sàn jù. Ohun kan ṣá o: fílítà ò mọ̀ pé “JS 2” àti “JSS2” jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ fẹnu kò sórí ẹyọ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ yín á fara pamọ́.