Èjìká ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí a ṣe ń ra bọ́síkọ́nà ní Òṣogbo

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ kan kó aṣọ méje wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Baálẹ̀. Bọ́síkọ́nà, ìyẹn òkìríkà, ni gbogbo wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló rà wọ́n, inú rẹ̀ sì ń dùn pé iye tí òun san lórí méjèèje kò tó owó gáùn tuntun kan. Nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò tán, mẹ́ta péré ni mo lè bá a tún ṣe. Èjìká méjì ti tóbi ju tirẹ̀ lọ, ọ̀kan ti gbó lábíyá, ìkẹrin sì jẹ́ aṣọ bí ọ̀rá tí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ mí lóòrùn ọ̀sán. Ó dùn mí, nítorí mo mọ bí olùkọ́ ṣe ń rówó. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ránṣọ, àtúnṣe òkìríkà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iṣẹ́ tó ń wọlé sí mi báyìí. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ kó gbogbo aṣọ inú àpótí yín sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí èyí tí ẹ kì í wọ̀ mọ́ nítorí bọ́tìnnì kan tó já, síìpù tó há, tàbí ìbàdí tó fún. Ìwọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ bá aránṣọ, nítorí kò sí aṣọ tó pọ́ọ́kú tó èyí tí ẹ ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ohun tó kù kí ẹ rà gan-an. Púpọ̀ nínú wa ní búláòsì mẹ́wàá tí kò bá síkẹ́ẹ̀tì kankan mu, tí a bá sì dọ́jà, búláòsì náà la tún máa rà. Ẹ kọ ohun mẹ́ta sínú fóònù yín, kí ẹ sì fi aṣọ tí ẹ fẹ́ kí ó bá mu sínú báàgì. Ojú ń tan èèyàn lórí àwọ̀.

Ẹ mú tépù, ẹ fi wọn aṣọ tó bá yín mu jù lọ nílé: èjìká sí èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà ara aṣọ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. 12 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà ń pè ní 8, òun náà ni àwọn ará Faransé ń pè ní 40, aṣọ náà sì lè ti súnkì lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Tépù ni kí ẹ gbà gbọ́.

Orúkọ tí à ń pè é ti sọ bí wọ́n ṣe ń rà á: bọ́ sí kọ̀nà, kí o wọ̀ ọ́ wò. Kò sí yàrá ìwọṣọ ní Ọjà Ọba. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ ró ìró lé e. Ẹ lè wọ síkẹ́ẹ̀tì wò lábẹ́ ìró láìsí ìtìjú. Ní ti ṣòkòtò, ẹ ti bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ fi ìbàdí rẹ̀ yí ọrùn yín ká. Bí etí méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn láìfi agbára fà á, ó sábà máa ń bá ìbàdí mu.

Àkókò tí ẹ lọ ṣe pàtàkì. Bẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ẹrù òkìríkà tí wọ́n dì pọ̀, sábà máa ń wúwo tó kílò 45 sí 55, ìyá ọlọ́jà tó rà á kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí tí yóò fi tú u. Ìdí nìyẹn tí àkọ́ṣà fi ń wọ́n: owó bẹ́ẹ̀lì ló ń wá, ó sì mọ̀ pé apá kan ọjà náà kò ní tà. Bó bá jẹ́ aṣọ iṣẹ́ lẹ fẹ́, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń tú bẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tètè dé. Bó bá jẹ́ aṣọ tí ẹ fẹ́ gé tún rán, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, nígbà tí àṣàkù ti wà nílẹ̀ tí wọn kò fẹ́ dì í padà. Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù, kí owó oṣù tó jáde, ni èmi fẹ́ràn jù. Ọjà máa ń dákẹ́ nígbà náà, ìyá náà á sì ráyè dá ẹ lóhùn.

Ẹ kí wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan ọjà. “Ẹ kú ọjà, Mọ̀mí, ẹ ó tà o.” Mo ra gáùn kan báyìí tí wọ́n pè ní ₦4,000. Mo fi ihò wéréńjẹ́ tó wà níṣẹ̀ẹ́tí rẹ̀ hàn wọ́n, mo ní, “Mọ̀mí, èmi ni n ó rán ibí yìí o, ẹ bá mi gé e.” ₦2,200 ni wọ́n gbà. Mi ò bu ọjà wọn kù, mi ò sì purọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ báyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa fi nǹkan pamọ́ dè mí títí dòní.

Ó wá ku yíyẹ aṣọ wò, ibẹ̀ gan-an ni owó èèyàn ti ń ṣòfò. Èjìká ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú rírán tó so apá mọ́ ara aṣọ gbọ́dọ̀ dúró sórí egungun èjìká yín, kó má ṣe já sílẹ̀ sápá. Mo lè dín ìbàdí kù, mo lè gé apá, mo lè ká ìṣẹ́tí sókè. Ṣùgbọ́n kí n tó dín èjìká kù, mo gbọ́dọ̀ tú apá méjèèjì, kí n tún ihò apá gé, kí n sì tún apá rán padà sínú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ kóòtù tó ní láńnì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, owó iṣẹ́ mi á ju owó kóòtù lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí èjìká rẹ̀ gbà á.

Aṣọ tó fún díẹ̀ ńkọ́? Ẹ yí i sódì. Ẹ wo bí aṣọ tó ṣẹ́kù sẹ́yìn ojú rírán ṣe fẹ̀ tó. Bó bá tó ínṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé tú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, torí inú lè ṣì dúdú nígbà tí ìta ti ṣá. Bí mo bá tú irú rẹ̀, ìlà náà á hàn bí àpá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ nà án sójú oòrùn. Abíyá, àárín itan, ìdí, ìgbọ̀nwọ́: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbẹ̀ ju ibòmíì lọ, ó ti gbó nìyẹn, kò ní pẹ́ ya. Ẹ fa síìpù lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ́tìnnì tó já kì í ṣe ẹ̀rù rárá.

Ẹ wo irú aṣọ tó jẹ́. Bí wọ́n bá ti gé àkọlé ọrùn rẹ̀, ẹ fa òwú kan láti etí aṣọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe òwú tí wọ́n fi rán an, kí ẹ ṣáná sí i nílé. Kọ́tìn á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Pọliẹ́sítà á súnkì, á yọ́, á sì di kóró dúdú líle. Kọ́tìn ni mo ń wá nígbà gbogbo, kì í sì í ṣe nítorí ooru nìkan.

Ìlú aró ni Òṣogbo. Ìtàn tí wọ́n bí wa bá ni pé nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, gé igi tó wó sínú odò, ohùn kan ké jáde látinú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Síbẹ̀, àwa ọmọ ìlú yìí ń kọjá lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti pọ́n lọ́rùn, a ń sọ pé ó ti bàjẹ́! Ẹ rà á. Òun ló pọ́ọ́kú jù lórí àtẹ. Ẹ fọ̀ ọ́ kí òróró kankan má kù lára rẹ̀, torí aró kì í mú ibi tí òróró bá wà, kí ẹ wá gbé e tọ aláró lọ. Ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe é; kọ́sítíìkì sódà ni ọ̀pọ̀ ń lò lónìí. Bí wọ́n bá yọ aṣọ náà jáde, á kọ́kọ́ dà bí ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á wá di aró lójú yín. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúdú dáadáa, kí wọ́n rì í léraléra. Pọliẹ́sítà kò ní gbà á, èyí tó sì jẹ́ àdàlù á ṣá ni. Òwú tí wọ́n fi rán ṣẹ́ẹ̀tì náà sábà máa ń jẹ́ pọliẹ́sítà, nítorí náà yóò dúró ní funfun. Ó rẹwà lójú mi gan-an, bí ẹni fi ẹfun fa ìlà sára aṣọ. Ẹ dá fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, torí aró rẹ̀ á ṣì máa ṣàn.

Ẹ má wọ ohunkóhun láìfọ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ fún kọ́tìn, omi tútù fún súwẹ́tà onírun. Bó bá ń rùn káńfọ̀, ẹ fi í kọ́ síbi atẹ́gùn fún ọjọ́ méjì. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ nínú àti níta, nítorí eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tí a sá síta, ìdin rẹ̀ a sì máa wọ ara èèyàn. Iná áyọ́ọ̀nù ló ń pa á. Pátá àti kọ́mú, tuntun ni kí ẹ rà.

Kí ẹ tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa fi rìn, kí ẹ fi píìnì sàmì síbi tí ẹ fẹ́ kó mọ. Ẹ béèrè àpò àkísà lọ́wọ́ aránṣọ yín. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, àpò tèmi sì kún: àjákù àdìrẹ tó tó fi bo kọ́là tàbí àpò àyà wà níbẹ̀, mi ò sì ń gbowó rẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnnì ike padà sí ti igbá àgbọn, ẹ ó rí i bí ṣẹ́ẹ̀tì ṣe ń yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àtúnṣe wá bí Iléyá tàbí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ ẹbí á ti kún ilẹ̀ nígbà náà. Oṣù kejì ọdún ni ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀.