Bí Ọmọ Yín Ṣe Lè Máa Kàwé Nílé Láìjẹ́ Pé Ẹ̀ Ń Lé E Kiri

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe oko kòkó n'Ídànrè àti Ilé-Olújí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà l'Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó àti gbogbo abà tó yí i ká, tiyín lìwé yìí. Ohun tá à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí jù ni pé ọmọ kì í fẹ́ẹ́ fojú kan ìwé tó bá ti délé, tẹ́ ẹ bá pariwo á gbé e, ẹ kọ̀yìn sí i báyìí ó ti wà lórí fóònù.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè lọ́lẹ kì í ṣọ̀lẹ o. Èyí tí tíṣà kọ́ wọn ní Mọ́ńdè ò yé e, ti Túsìdeè tún gorí ẹ̀, kó tó di Fúráìdeè ìwé yẹn ti di nǹkan tó ń dójú tì í, ta ló máa fayọ̀ jókòó síwájú ohun tó ń dójú tì í? Torí náà kẹ́ ẹ tó mú pàṣán, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ibo gan-an ló ti dàrú mọ́ ẹ lójú?" Tó bá wà ní Praimárì 5 tí ìsọdipúpọ̀ ò tíì yé e, ẹ padà sí ti Praimárì 3 pẹ̀lú ẹ̀, kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún un léyìí tó lè ṣe, kẹ́ ẹ tó fún un léyìí tó le díẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí i pé òun gba mẹ́ta nínú márùn-ún, fúnra ẹ̀ ló máa fẹ́ dán ẹ̀kẹrin wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò kàwé

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá á ní, "Èmi tí n ò mọ A, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí gbọ́ dáadáa, ẹ lè ràn án lọ́wọ́ gan-an ni. Tó bá kàwé tán, ẹ ní kó pa ìwé dé, kó jókòó tì yín níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà tàbí tẹ́ ẹ ti ń bó ẹ̀gẹ́, kó wá fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó kà fún yín. Ẹ máa bi í ní "báwo ló ṣe jẹ́?" àti "kí ló fà á?" Ibi tó bá ti kólòlò, ibẹ̀ ni kò tíì yé e, kó ṣí ìwé padà lọ wò ó. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan ti rí i léraléra pé kéèyàn pàwé dé kó máa rántí ohun tó kà ṣiṣẹ́ ju kó máa ka ojú ìwé kan náà lákàtúnkà lọ. Tẹ́ ẹ bá tún bi í lọ́jọ́ kejì, tẹ́ ẹ tún wá bi í lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á dúró sí i lórí.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá ò jẹ́ kọ́mọ mọ̀wé. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ pàápàá wọn ò rẹ̀yìn.

Oko yín náà, ìwé ni. Tẹ́ ẹ bá fọ́ kòkó, tẹ́ ẹ kó o jọ, tẹ́ ẹ fewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 5 sí 6, òkìtì yẹn ń gbóná tó nǹkan bí 45 sí 50 dígírì, torí yíìsì àti bakitéríà tójú ò lè rí ló ń jẹ ṣúgà inú nǹkan funfun tó bo hóró ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì nìyẹn, fermentation, ẹ jẹ́ kọ́mọ yín fọwọ́ kan òkìtì náà kó mọ̀ ọ́n lára. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, òun ni kẹ́ ẹ fún ní bírò: àpò 7, kílò 64 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èló ni gbogbo ẹ̀ tá a bá ń ta kílò kan ní iye báyìí? Ọmọ tó bá rí i pé ìṣirò òun ni ò jẹ́ kí ẹni tó ń ra kòkó rẹ́ Dádì jẹ, kò ní bi yín mọ́ pé kí ni máàsì wúlò fún.

Àsìkò wá ńkọ́? Láti October sí January nigbà tí kòkó pọ̀, ibẹ̀ náà sì ni táàmù kìíní ń parí tí kejì ń bẹ̀rẹ̀, nígbà yẹn gan-an lọwọ́ ọmọ máa ń kún jù. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó sinmi díẹ̀ tó bá dé, kó wá jókòó sídìí ìwé ní aago kan náà lójoojúmọ́, ìdajì wákàtí tó ṣe tọkàntọkàn tó fún ọmọ kékeré. Ẹ má fi gbogbo iṣẹ́ ilé sílẹ̀ fọ́mọbìnrin kẹ́ ẹ wá máa bínú pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin mọ̀wé jù ú lọ, ẹ pín in fún àwọn méjèèjì. Tí NEPA ò bá mú iná wá, iná sólà kékeré dáa ju àtùpà kẹrosíìnì tó ń rú èéfín sí i lójú lọ. Tó bá tó àsìkò oorun, kó sùn: ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10, kí fóònù má sì wà lórí ibùsùn.

Ẹ̀bùn àti ìyìn

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú "tó o bá kàwé màá fún ẹ lówó." Lọ́dún 1973 ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ṣèlérí ẹ̀bùn fáwọn ọmọ kékeré tó fẹ́ràn àwòrán yíyà tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán mọ́, àwọn tí wọn ò ṣèlérí kankan fún ń bá tiwọn lọ. Ẹran tẹ́ ẹ kàn fi kún oúnjẹ ẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀ kò burú o, òwò ni ò dáa kẹ́ ẹ sọ ọ́ dà.

Ìyìn náà, ẹ máa yin iṣẹ́ tó ṣe, "O ò fi í sílẹ̀ títí tó fi yé ẹ, o káre," ju "ọlọ́pọlọ ni ẹ́" lọ, torí ọmọ tẹ́ ẹ bá ń pè lọ́lọ́pọlọ ṣáá á máa sá fún èyí tó le kórúkọ yẹn má baà bọ́ lára ẹ̀. Àti "ṣé orí méjì ni ọmọ lágbájá ní?" yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ ọ́ mọ́, ó ń dun ọmọ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ẹ̀ tí ìwé ṣì ń sú u, ẹ lọ bá tíṣà ẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì wo ojú ẹ̀. Tó bá ń fún ojú pọ̀ kó tó ríran, tó ń gbé ìwé súnmọ́ imú, tàbí tórí ń fọ́ ọ tó bá kàwé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, wọ́n ń ṣe é ní FMC Ọ̀wọ̀. Tí wọ́n bá ní gíláàsì ni, ẹ rà á kẹ́ ẹ tó ra aṣọ Kérésì.