Bí mo ṣe yan òfin fún géèmù ogun Kírìjì tá à ń ta nílé

Géèmù ogun Kírìjì ni mo fẹ́ ṣe, Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, 1877 sí 1893, táwa ọ̀rẹ́ á máa ta lórí tábìlì ní Surulere. Máàpù ò le, mo yà á, mo gbé e lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, gbogbo ojú ẹ̀ onígun mẹ́fà mẹ́fà bí afárá oyin, mo wá kun ìdérí ìgò mínírà láti fi ṣe ọmọ ogun. Òfin gan-an niṣẹ́ wà.

Ti ìjà ni mo kọ́kọ́ yanjú. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn fi agbára ẹni tó ń dáàbò bo ara ẹ̀ pín ti ẹni tó kọlù ú, ká ní 6 kọlu 2, 3 sí 1 nìyẹn, ẹ ó ju dáìsì, ẹ ó wo ṣáàtì, ṣáàtì á sọ ẹni tó sá àti ẹni tó kú. Irú èyí ni Charles S. Roberts lò nínú géèmù tó gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1954. Àwọn kan wà tí ò ní dáìsì rárá, bíi Diplomacy ti Allan Calhamer, 1959, kóówá á kọ àṣẹ ẹ̀ sínú ìwé, a ó ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó láwọn tó ń tì í lẹ́yìn jù ló borí (ọ̀dàlẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ṣá). Mo mú ṣáàtì, torí mo fẹ́ kí ìbọn ṣe pàtàkì: àwọn ará Èkìtì tó wà l'Ékòó níbí ló ń bá wọn wá ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí, nígbà tó jẹ́ ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn. Tí ìbọn yẹn bá ti dé, Èkìtì á fi 1 kún dáìsì ẹ̀.

Ta ló máa kọ́kọ́ gbé wá ńkọ́? Ibí ni ogun ti ń yí padà o. A fi èmi-gbé-ìwọ-gbé bẹ̀rẹ̀, bíi dráàfù, àmọ́ ẹni tó bá kàn á kó gbogbo ọmọ ogun ẹ̀ rìn títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, àbúrò ọ̀rẹ́ mi wá ní, "Bọ̀dá, ṣé kí n kúkú lọ sùn ni?" Òótọ́ ló sọ jàre. A kọ àṣẹ sínú ìwé, ó dáa, ṣùgbọ́n ó pẹ́, àríyànjiyàn sì pọ̀ ju ogun lọ.

Èyí tó bá Kírìjì mu ni ti àpò. Mo kọ orúkọ Ògèdèǹgbé ọ̀gágun Èkìtì Parapọ̀, Ààrẹ Látòósà olórí Ìbàdàn àti àwọn balógun yòókù sára páálí kéékèèké, mo dà wọ́n sápò, ẹni tó bá jáde nìkan ló máa gbéra. Ìjẹ̀bú wà nínú àpò náà, tó bá jáde ọ̀nà Ìbàdàn sí etíkun á dí, Ìlọrin wà níbẹ̀, ẹ̀yìn Ọ̀ffà ló ti ń fa wàhálà. Tó bá di 1885 a ó yọ Látòósà kúrò torí ọdún yẹn ló kú sí bùdó. Ẹni tó ń ta Ìbàdàn ò ní lè fọkàn balẹ̀, bó sì ṣe rí fún wọn nìyẹn.

Mo tún fi rẹfirí kún un, bíi ti géèmù ogun àwọn sójà Prussia, ní ilẹ̀ Jámánì, tí Reisswitz (ọmọ, kì í ṣe bàbá) tẹ òfin ẹ̀ jáde ní 1824. Ẹ̀gbẹ́ kan wà ní pálọ̀, èkejì ní yàrá, wọ́n á fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi, èmi nìkan ni mo rí máàpù tán, ohun tí síkáòtù wọn bá rí ni mo máa sọ fún wọn. Lọ́dún 1876 Verdy du Vernois, ọ̀gá sójà Prussia, ní kí rẹfirí kúkú fi ìrírí ara ẹ̀ dájọ́ dípò ṣáàtì, ìyẹn dáa láàárín sójà, lọ́dọ̀ tiwa wọ́n á ní mo ti gba rìbá.

Páálí Òyìnbó Èkó, ìyẹn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó, ló ń parí ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá jáde, àdéhùn 1886 nìyẹn, ìbọn dákẹ́ àmọ́ kò sẹ́ni tó tú bùdó ká. Ìgbà kejì, Gómìnà Carter ti dé, kálukú á kó ẹrù lọ sílé, ká ka máàkì.