Bí A Ṣe Ń Kọ Ohun Tó Wà Nínú Wa Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọ́tò Ìdílé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà kan rí, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ayafọ́tò kan a máa ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì so àwòrán náà pọ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Ẹni tó bá ṣí ìwé fọ́tò ìdílé bẹ́ẹ̀ lónìí yóò rí ọmọ méjì tí aṣọ wọn dọ́gba. Kò ní rí ẹkún tó wà nídìí rẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá kọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ayẹyẹ àti ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ.

Ẹ mú fọ́tò kan ṣoṣo, kí ẹ sì wò ó dáadáa kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Èdè wa ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí ara ni Yorùbá fi ń sọ ohun tó bá ń ṣe ọkàn: inú a máa dùn, a sì máa bàjẹ́, àyà a máa já, ojú a máa tini, orí a sì máa wú. Nítorí náà, dípò kí ẹ kọ pé ọjọ́ ayọ̀ ni, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn yín lára, àti ohun tí ojú yín ń wò nígbà náà gan-an. Nígbà tí mo fẹ́ kọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọjọ́ tí mo gboyè, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé inú bàbá mi dùn púpọ̀. Mo pa á rẹ́, torí pé kò sí bàbá tí a kò lè kọ irú rẹ̀ fún. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí nìyí: “Orí mi wú nígbà tí mo rí i tí Bàbá ń fi ọwọ́ òsì bo ibi tí agbádá wọn ti ya, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún pe àwọn tí wọn kò mọ̀ rí pé kí wọ́n wá wo ọmọ àwọn.”

Ọ̀rọ̀ tó bá dunni gba sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí kan tí James Pennebaker àti Sandra Beall gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ kọ̀wé fún ọjọ́ 4, ọ̀pọ̀ nípa ohun tó ti dùn wọ́n, àwọn kan nípa ohun lásán. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn kò lọ fún ìtọ́jú tó àwọn yòókù ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú wọn bàjẹ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìwé lásán, láìbìkítà fún àmì ohùn, kí ẹ wá ṣa gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tó lè wà lójú gbogbo ará ilé. Pálọ̀ ni ìwé fọ́tò ń gbé, àlejò a sì máa ṣí i. Ọ̀rọ̀ ogún àti ìjà orogún, inú àpòòwé ni kí ẹ fi sí, tàbí kí ẹ má fi sí i rárá.

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́, nítorí báírò máa ń tẹ̀ ẹ́ dé ojú. Ẹ sì sá fún ìwé fọ́tò tí gọ́ọ̀mù wà lójú ewé rẹ̀. Ó máa ń ba fọ́tò jẹ́.

Bí àgbàlagbà bá wà nílé, ẹ gbé fọ́tò náà fún wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ má ṣe yí i padà sí Yorùbá ilé-ìwé. Ẹ kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ náà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì yín nínú fọ́tò kan náà lè jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn lọ́jọ́ yẹn.